Mánéjà Tí Wọ́n Rán Lọ Ra Àkàrà

Ọjọ́ tí dókítà ní kí n má fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ilẹ̀ mọ́ títí wọ́n á fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí. Mo bi í pé, "Dókítà, ta ló máa wá bá mi tẹ̀ ẹ́?" Kò rẹ́rìn-ín. Àwọn dókítà ìsinsìnyí, ẹ̀rín ò sí lára ohun tí wọ́n kọ́ wọn. Ó gbé fọ́tò egungun mi sókè síbi iná, ó fi bírò tọ́ka sí ìgbáròkó mi, ó ní ibẹ̀ ti jẹ dànù. Ó ní tí wọ́n bá tún un ṣe tán pàápàá, dídúró láti àárọ̀ dalẹ́ ti parí fún mi.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi.

Ẹyin ni mo ń tà. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo ní: èyí tó tóbi jù wà ní Ìkòtún, ọ̀kan ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọ̀kan ní Ìgàndò. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkeje ò wù mí. Ẹsẹ̀ méjèèjì yìí ni mo fi kọ́ gbogbo ẹ̀. Láàárọ̀, mo wà ní Ìkòtún. Kí oòrùn tó mú, mo ti dé Ẹ̀gbẹ́dá. Ìrọ̀lẹ́, Ìgàndò. Ibi tí ẹsẹ̀ mi ò bá sí, fóònù mi wà níbẹ̀. "Mọ́mì, kọ́sítọ́mà ní ká yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀." "Mọ́mì, ìgbálẹ̀ ti gé, ṣé ká ra òmíràn?" "Mọ́mì, òjò ṣú, ṣé ká kó kíréètì wọlé?" Ìgbà kan wà tí wọ́n pè mí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àárín àdúrà, pé adìẹ aládùúgbò wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ṣé kí àwọn lé e. Mo ní kí wọ́n má lé e o, kí wọ́n ní kó yé ẹyin kó tó máa lọ. Inú mi máa ń dùn sí ìpè wọ̀nyẹn, kí n má purọ́. Obìnrin tí wọn ò bá tíì pè kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí ló fẹ́ fi mọ̀ pé òun ni ọ̀gá?

Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà. Iṣẹ́ ẹ̀ gan-an ni pé kó máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń di ọ̀gá. Wọ́n ń sanwó fún un lórí ẹ̀, ẹ ò rí ayé! Nígbà tó gbọ́ ohun tí dókítà sọ, ó jókòó tì mí, ó ní, "Mọ́mì, òṣìṣẹ́ lẹ ní, ẹ ò ní mánéjà kankan."

Mo ní, "Mánéjà láti ta ẹyin? Èwo ni wọ́n fẹ́ mánéèjì níbẹ̀, pupa ẹ̀ àbí funfun ẹ̀?"

"Mọ́mì, mi ò ṣeré o. Kì í sì í ṣe ẹnì kan lókè nìkan. Ní ipele-ipele ni. Ẹni tó ń gbé kíréètì gan-an, ó yẹ kí nǹkan kan wà tó lè pinnu láìbi ẹnikẹ́ni."

"Tó bá wá pinnu pé òun fẹ́ jókòó ńkọ́?"

Ó wò mí lọ bí ẹni pé kíréètì ni mo jẹ́. Ó wá ní, "Tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ ká ti àwọn ṣọ́ọ̀bù náà pa, kí ẹ wá máa sinmi lọ́dọ̀ mi ní Ìpájà." Ó ti fi ọ̀dà tuntun kun yàrá kan ní ẹ̀yìn ilé ẹ̀ dè mí. Mo ti rí yàrá yẹn. Fèrèsé ẹ̀ dojú kọ ògiri aládùúgbò. Àga kan wà níbẹ̀, tẹlifíṣọ̀n kan wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyí bá ṣubú, orí àga yẹn ni màá jókòó sí títí ọlọ́jọ́ á fi dé, tí wọ́n á máa bi mí ṣé mo ti jẹun, ṣé mo ti tọ̀. Ara mi bù máṣọ. Mo ní, "Ó dáa. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe mánéjà?"

Ó kọ́ mi. Àwọn kan bọ́gbọ́n mu níbẹ̀, mi ò ní fi dù ú. Ó ní kí n mú ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, kí n jókòó tì í, kí n panu mọ́, kí n jẹ́ kó máa pinnu níṣojú mi. Panu mọ́! Èmi!

Ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo mú ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ mi. Ní Ìgàndò, mo mú ìyá ọlọ́mọ kan tó máa ń tijú. Ìkòtún ló lọ́wọ́ ejò nínú. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ará Ìsẹ́yìn, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí. Ó ti wà pẹ̀lú mi látìgbà tí ṣọ́ọ̀bù náà fi jẹ́ tábìlì kan lábẹ́ agbòòrùn. Irun ẹ̀ ti funfun níwájú. Kò sí ẹyin tó bàjẹ́ tí etí ẹ̀ ò ní gbọ́ tó bá fi kan èkejì. Ṣùgbọ́n tí kọ́sítọ́mà bá ti ná ọjà lẹ́ẹ̀mejì, á máa bínú, á ní kó lọ yé tiẹ̀. Ẹni tó ní ọpọlọ òwò níbẹ̀ ni ọmọbìnrin kan láti Ògbómọ̀ṣọ́. Òun ló dé kẹ́yìn nínú gbogbo wọn, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é ní Àbúrò. Ọmọ yìí mọ ìgbà tí ilé búrẹ́dì máa wá, ó mọ ìgbà tí ọwọ́ àwọn máíṣáì tó ń din ẹyin ní ìkóríta máa ń yá, ó lè ta ẹyin fún ẹni tó wá bèèrè ọ̀nà.

Mo pe gbogbo wọn jọ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ní Àbúrò ni mánéjà Ìkòtún láti òní lọ. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọmọ náà kúnlẹ̀, omi lé sí i lójú. Pàtẹ́wọ́ ò tíì rọlẹ̀ tí Àǹtí fi ní, "Mánéjà wa, jọ̀ọ́, gbé abọ́ yẹn, lọ bá wa ra àkàrà wá. Ebi ń pa wá."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mánéjà gbé abọ́, ó lọ.

Èmi náà rẹ́rìn-ín títí ìgbáròkó fi dùn mí. Bí a ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù wa nìyẹn látìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń lọ ra oúnjẹ àárọ̀, títí ẹlòmíràn á fi dé bá a. Àǹtí náà ti rà á nígbà kan, èmi ni mo máa ń rán an. Mo sì sọ lọ́kàn mi pé ẹ wo ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa, oyè ò gùn ún. Mi ò mọ̀ pé ohun tó máa pa mí lẹ́kún ni mò ń fi rẹ́rìn-ín.

Mo wá jókòó láti kọ́ wọn. Wàhálà àkọ́kọ́ ni pé tí kọ́sítọ́mà bá dá iye kan, Àbúrò á kọ́kọ́ wo ojú mi. Wọ́n ti mọ ojú mi bí wọ́n ṣe mọ ọ̀nà ilé wọn. Tí mo bá ṣẹ́jú, mi ò gbà nìyẹn. Tí mo bá wo òkè, kí wọ́n gbà á kíá kó tó yí ọkàn padà. Mo wá ra àwò dúdú kan lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, mo wọ̀ ọ́, kí wọ́n má lè rí ojú mi mọ́. Ẹni tó bá ń kọjá ní Ìkòtún nígbà yẹn á rò pé wọ́n gbé ère síwájú ẹyin láti fi dẹ́rù ba olè ni, tàbí pé afọ́jú kan ń tọrọ owó. Ẹnì kan tilẹ̀ fi nǹkan sí mi lẹ́sẹ̀.

Àbúrò ò rí ojú mi mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ mi.

Mo ní, "Kí lò ń wò nílẹ̀?"

Ó ní, "Mọ́mì, tí ẹ ò bá gbà, ẹ máa ń mi àtàǹpàkò yín."

Mo wọ ìbọ̀sẹ̀. Inú ooru Èkó, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ torí mánéjà. Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́ o. Díẹ̀díẹ̀, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye fúnra ẹ̀. Nígbà míì á ṣe é ju bí màá ṣe ṣe é lọ, inú á bí mi nínú ìbọ̀sẹ̀ mi, màá panu mọ́. Láàárọ̀ gbogbo náà, kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọ̀gá, á gbé abọ́, á lọ ra àkàrà fún àwọn tó jẹ́ ọ̀gá lé lórí.

Ìgbà tó yá, ẹsẹ̀ ò jẹ́ kí n sùn mọ́. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ọmọ mi gba fóònù mi, ó pa á, ó ní dókítà ní kí wọ́n má dà mí láàmú. Ìrora yẹn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀tá mi mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá fẹ́ yí mi padà lórí bẹ́ẹ̀dì, orúkọ ìyá mi ni mo máa ń ké. Ṣùgbọ́n tí ìrora bá ti dín díẹ̀, ohun tí mo máa bi ọmọ mi ni pé, "Wọ́n pè?" Á ní, "Wọn ò pè mí o. Kò sẹ́ni tó pè." Màá ní ẹ ṣeun, Olúwa. Wọ́n ti ń dá a ṣe. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mò ń ṣẹ́jú sí àjà ilé, mò ń yin ara mi. Mo ti ṣe mánéjà!

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ mi wọlé, ojú ẹ̀ ò dáa. Òórùn kan bá a wọlé. Mo mọ òórùn yẹn. Bí mo bá kú, tí wọ́n fi kàn mí nímú, màá jókòó. Ẹyin tó bàjẹ́ ni.

Mo ní, "Níbo lo ti ń bọ̀?"

Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo wá rí Àbúrò lẹ́yìn ẹ̀ níbi ilẹ̀kùn, tó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ẹkún ni kò jẹ́ kó mọ bí obìnrin ṣe ń kí ènìyàn mọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Bàbá olóko adìẹ tó ń kó ẹyin fún wa pàdánù oníbàárà ẹ̀ kejì, ó bá kó gbogbo ẹyin tó wà lóko sínú ọkọ̀, ti wa àti ti ẹni tó kọ̀, ó ní kí dírẹ́bà já a fún wa ní Ìkòtún. Gbogbo ilé-ìwé sì wà ní họ́lìdé, ilé búrẹ́dì ò rà tó bó ṣe ń rà. Mánéjà tó bá wà ní ìjókòó á ní kí wọ́n já ìwọ̀nba, kí wọ́n dá ìyókù padà. Ṣùgbọ́n ní àkókò tí ọkọ̀ dé, mánéjà ò sí ní ìjókòó. Ó wà lórí ìlà níwájú alákàrà, ó gbé abọ́ dání.

Dírẹ́bà bèèrè ẹni tó jẹ́ àgbà ibẹ̀. Àǹtí ní òun ni. Ẹlòmíràn wo ni kò bá wí? Bàbá arúgbó ni dírẹ́bà náà, ó ti wakọ̀ láti òru, Àǹtí sì wò ó pé ta ni òun láti ní kí bàbá yẹn kó ẹrù padà? Ó ní, "Ẹ já a, bàbá. Ẹ kú ìrìn." Nígbà tí Àbúrò fi padà dé pẹ̀lú àkàrà, kíréètì ti kan òrùlé, ọkọ̀ ti lọ.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká dín iye kù, ká tètè tà á. Ẹ jẹ́ ká gbé díẹ̀ fún àwọn ará Ẹ̀gbẹ́dá, kí wọ́n kó lọ fún àwọn máíṣáì."

Àǹtí ní, "Ta ló ń dín iye kù ní ṣọ́ọ̀bù yìí? Mọ́mì ni. Ṣé Mọ́mì ti kú ni?"

Báwo lọmọ náà ṣe fẹ́ fèsì? Ó pè mí, fóònù mi ti kú. Kò ní nọ́ńbà ọmọ mi. Ará Ẹ̀gbẹ́dá ní òun ò lè gba ẹrù láìjẹ́ pé Mọ́mì sọ ọ́. Ti Ìgàndò, ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ sílé ìyá ẹ̀, ó ní orí ń fọ́ òun. Gbogbo wọn wá jókòó yí ẹyin ká, wọ́n ń dúró dè mí kí n jí. Páànù ni òrùlé wa. Ooru ìgbà yẹn, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹyin ò ní fọ́nrán ohùn tó fi máa pariwo. Níta, ó funfun báláú. Títí tí ilé búrẹ́dì kan fi gbé báàkẹ́tì ẹyin tó ti bàjẹ́ padà wá dà síwájú ṣọ́ọ̀bù, lójú gbogbo ọjà.

Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀ tán, mi ò lè sunkún. Mo wo ẹsẹ̀ mi lábẹ́ aṣọ, mo rí yàrá Ìpájà, mo rí fèrèsé yẹn. Gbogbo ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí mò ń dúpẹ́ fún, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹyin tó ń bàjẹ́ ni. Mo ní, "Ẹ pe Àǹtí wá fún mi."

Ó dé. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọ̀rá ọsàn dání. Mo sọ̀rọ̀ sí i títí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé. Mo ní, "Ìwọ yìí, ṣé o fẹ́ bá mi sin ara mi ni? Mi ò fi ẹnì kankan jẹ mánéjà ni?"

Ó sọ ọ̀rá ọsàn kalẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi jẹ. Mo pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́ ọmọ yẹn bí wọ́n ṣe ń so kíréètì. Nígbà tí ibà dá a dúbúlẹ̀, ẹ̀yìn mi ni mo fi pọ̀n ọ́n lọ sí kẹ́míìsì. Ẹ wá ní kó máa pàṣẹ fún mi lójú kọ́sítọ́mà. Ẹ ò pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ẹ ò ní, 'Àǹtí, ohun tí mo fẹ́ ṣe rè é o.' Àárín gbogbo èèyàn lẹ ti sọ ọ́, bí ẹni ń polówó gúgúrú."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ jẹ ẹ́ ni?"

"Kí n máa bá àwọn onígbèsè ilé búrẹ́dì jiyàn? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o."

"Kí lo wá fẹ́?"

Ó ń wo ọsàn. Inú mi ru, mo ní kó máa lọ, kó má padà sí ṣọ́ọ̀bù mi mọ́ láyé ẹ̀. Mo mọ̀ pé tí obìnrin yẹn bá jáde, ìdajì ṣọ́ọ̀bù ti jáde nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń rì ò mọ ohun tó ń fà ya.

Àbúrò ló dúró síwájú ilẹ̀kùn. Ó ní, "Mọ́mì, wọn ò lọ síbì kankan."

Mo ní, "Kí lo wí?"

Kò wo ojú mi, kò wo ẹsẹ̀ mi. "Ẹ ní èmi ni mánéjà. Èmi ni mo ní kí wọ́n má lọ. Dírẹ́bà wo ló máa gbọ́ ọ̀rọ̀ mi? Tí wọ́n bá rí irun Àǹtí, wọ́n á gbọ́. Kí Àǹtí máa gba ọjà. Kò sí ẹnikẹ́ni tó máa já ju iye tí wọ́n bá ní ó tó lọ, èmi náà ò lè dá sí i. Kí èmi máa sọ iye tí a máa tà á, kí wọ́n má dá sí i." Ó wá kúnlẹ̀ fún Àǹtí. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Tí ẹ bá fẹ́ bá mi wí, ẹ pè mí sẹ́yìn kíréètì. Èmi náà, tí mo bá ní nǹkan sọ fún yín, ẹ̀yìn kíréètì ni."

Nọ́ọ̀sì pàápàá ń dúró kó gbọ́ bó ṣe máa parí.

Àǹtí tú ọsàn kan jáde, ó ń yí i lọ́wọ́ bí ẹyin. Ó ní, "Àkàrà wá ńkọ́?"

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ìgbáròkó ò jẹ́.

Ó ní, "Ẹ bá mi bi í. Mánéjà lè máa lọ ra àkàrà?"

Mo ní, "Kò gbọ́dọ̀ lọ mọ́."

"Ó dáa náà. Alákàrà á máa gbé e wá. Tiwa ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń tà, kí ló ń ṣe ẹsẹ̀ tiẹ̀?" Ó bó ọsàn náà, ó pín in, ó kọ́kọ́ fún Àbúrò. "Dìde níbẹ̀ jàre. Ilẹ̀ ilé ìwòsàn dọ̀tí."

Mi ò ní sọ fún yín pé gbogbo ẹ̀ dára. Ìgàndò ò padà ṣí. Ìyá ọlọ́mọ yẹn ní òun ò lè ṣe é, mi ò sì ní ẹsẹ̀ tí màá fi lọ bẹ̀ ẹ́. Ilé búrẹ́dì tó da báàkẹ́tì sílẹ̀ ń ra ẹyin lọ́dọ̀ ẹlòmíràn títí dòní. Ó pẹ́ kí òórùn náà tó kúrò lára ògiri. Èmi náà dé yàrá Ìpájà yẹn, kí n tó lè fi igi rìn. Mo jókòó sórí àga náà. Wọ́n bi mí ṣé mo ti jẹun. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo wo ògiri aládùúgbò títí, tí mo bẹ Ọlọ́run pé kó kúkú mú mi lọ tó bá jẹ́ bí á ṣe máa rí nìyí.

Fóònù wà lórí itan mi. Ó lè dákẹ́ títí ìrọ̀lẹ́, ìbẹ̀rù á sì mú mi, torí mo ti mọ ohun tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ lè jẹ́. Mo bura pé mi ò ní pè wọ́n. Ọmọ mi ní tí mo bá pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á tún padà sí wíwo ẹsẹ̀ mi. Mo gbé fóònù náà sábẹ́ ìdí, mo jókòó lé e.

Ọ̀sán kan báyìí, ó dún lábẹ́ mi. Mo fò, àfi bí ẹni tí ejò bù jẹ. Àbúrò ni. Mo gbọ́ ohùn Àǹtí lẹ́yìn ẹ̀, tó ń lé dírẹ́bà kan: "Ẹ kó o padà, bàbá, ẹ má bínú. Ibi tó mọ nìyẹn!"

Mo ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀? Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

Àbúrò ní, "Kò sí nǹkan kan, Mọ́mì. Mo ti dín iye ẹyin kéékèèké kù láti àárọ̀, ó ti ń tán lọ. Mo kàn ní kí ẹ gbọ́ ni."

Dídín tó dín in yẹn ò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Àtàǹpàkò mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì nínú ìbọ̀sẹ̀. Mo gbá ẹsẹ̀ mú.

Mo ní, "Mo ti gbọ́."